Èènì Orí Ìka Méjì

Ẹ bi ẹnikẹ́ni l'Ókukù léèrè olóògbé Bàbá Oyèwálé, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ayùn ilé ìlagi kan ní Ìnísà, níbi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ló gé ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ méjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí i pé àwọn yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà gbà-má-bínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ lórí ọwọ́ náà. Bàbá ní kí Keziah, ìyàwó rẹ̀, kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Níbo ni wọ́n ti kí mi kú ewu níbẹ̀?"

"Wọn ò kí yín, Bàbá Túnráyọ̀. Owó ni wọ́n sọ."

"Dá a padà fún wọn."

Lẹ́tà kejì dé, wọ́n ti fi "Ẹ kú ewu, sà" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò tojútẹ̀yìn, ó ní òun rí ìkíni, àmọ́ òun kò rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn náà padà sí Ìnísà.

Ẹ má rò pé bàbá kò fẹ́ owó o. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń ná owó ọkọ̀ láti Ìkìrun, ọkọ̀ á dé Òkukù, òun àti awakọ̀ ò tíì fẹnu kò.

Keziah ni ọ̀rọ̀ náà ká lára. Egbò ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, oògùn sì ń wọ́n sí i. Bí wọ́n bá gba owó, tó tán kí ọwọ́ tó jinná, àwọn nìkan ni yóò ru ẹrù náà. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ lè dákẹ́ pátápátá.

"Ọwọ́ yìí ló ń bọ́ wa," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi agídí pa wá."

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Níkẹyìn, mánéjà fúnra rẹ̀ wá láti Ìnísà. Adédùntán lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Mo ti gbà."

Adédùntán yára yọ ìwé àti bírò. Bàbá wo bírò náà. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo gbà. A ò tíì nájà."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni bàbá wí. "Ìka méjì ni ayùn yín mú, ìka méjì náà ni mo ń tà. Ọwọ́ tó kù ò sí lórí àtẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mánéjà jáde lọ pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n parí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ilé iṣẹ́ yóò sì máa san owó ọsibítù títí ọwọ́ yóò fi jinná. Keziah mí kanlẹ̀.

"Èènì mi ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Bàbá, ẹni tó rajà ló ń gba èènì. Ẹ̀yin lẹ tà á, sà."

"Èmi tí mo ta ohun tí n ò gbé lọ sọ́jà, mi ò lè gba èènì? Ẹ fi irin bo ayùn yẹn. Fẹ́yìsetán ló wà nídìí rẹ̀ báyìí, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí ò bá sí irin, n ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

Keziah fi ìborùn bojú. Owó ti dé ẹnu ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ tún ń lé e padà. Mánéjà jáde lẹ́ẹ̀kẹrin. Nígbà tó wọlé, ó ní wọ́n ti gbà, bàbá sì fọwọ́ sí ìwé.

Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyẹn, bàbá wọkọ̀ lọ sí Ìnísà pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, ó kan irin náà wò, ó ní ó ti fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹ̀ kó tó gbà láti lọ sílé.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá sùn, kò jí mọ́. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní kí Fẹ́yìsetán sọ̀rọ̀. Ó dìde. Ló bá kàn na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Keziah wò ó, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, àwa náà sì bá a sun ún. Alágídí ni bàbá wa, a sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.