Fìlà Ọdẹ Tí Bàbá Ṣóbọ̀wálé Kò Jẹ́ Kó Di Rírí

Ọjọ́ tí Bàbá Ṣóbọ̀wálé ní kí awakọ̀ katapílà bọ́ bàtà, gbogbo Ìkòsì ló gbọ́. Wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà bọ̀, ó wá ku kí wọ́n hú kùkùté akòko tó wà lójúde bàbá. Ìdí akòko yẹn làwọn baba ńlá wọn kọ́kọ́ jókòó sí nígbà tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Èèwọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀: ẹ ò gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀, bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ibẹ̀, irin kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí ìtàn á fi parí.

"Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, jókòó," ni bàbá wí. "Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débí fún ẹ, kí o tó hú u."

Mutolib awakọ̀ jókòó, ó rò pé ìtàn ráńpẹ́ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ọdẹ inú ìtàn ò tíì kúrò nílé, ó ṣì ń wá fìlà. Kọntirákítọ̀ fi ìbínú dé, bàbá ní kí òun náà bọ́ bàtà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, kálukú gbé bàtà rẹ̀ lọ sílé.

Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ràhmát tó ń ta tòmátì ní Mile 12 yà kí i lọ́jọ́ kan, kó tó rí ààyè dìde, tòmátì ti rọ̀ di ọbẹ̀.

Dorothy ọmọ bàbá ló ń jìyà ẹ̀. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bá bàbá wá fìlà tó wà lórí bàbá fúnra rẹ̀. Bí òjò bá sì rọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lomi ń wọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ìtàn yìí kí wọ́n lè gbẹ́ gọ́tà."

"Tí mo bá parí ẹ̀, ibo la máa jókòó sí?"

Nígbà tí bàbá filẹ̀ bora, Mutolib padà wá bá Dorothy. Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Mummy, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣé ọdẹ yẹn rí fìlà ẹ̀? Tó bá ti parí, ẹ sọ, kí n máa báṣẹ́ lọ."

Dorothy wo ṣọ́ọ̀bù, ó wo kùkùté. Àárò bàbá sọ ọ́ gan-an. Ó bọ́ sílípáàsì, ó jókòó sáyè bàbá.

"Kò tíì rí i," ló wí. "Ọmọ ẹ̀ obìnrin ń bá a wá a."

Fóònù Mutolib dún, kọntirákítọ̀ ló ń pè. "Ọ̀gá, wọn ò tíì rí fìlà o."

Kọntirákítọ̀ pòṣé. "Ẹ yí gọ́tà gba ẹ̀yìn ibẹ̀, jàre!"

Omi ò wọ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí ẹ bá rí gọ́tà tó ṣẹ́ kọ́nà ní Ìkòsì, ẹ bi Dorothy, àmọ́ ẹ jẹun kí ẹ tó lọ. Á ní kí ẹ bọ́ bàtà, á sì bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Fìlà bàbá ló máa ń dé tó bá ń sọ ọ́.