Ìṣó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

Ọjọ́ tí Mùnírù ju báàgì pupa nù, ó rò pé ilé lòun ń tún ṣe.

Ààwẹ̀ ni. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bọ̀ wá ṣínu nílé wọn ní Downsview, lókè òkun. Báàgì náà sì wà lára ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Naloxone ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fín sí imú ẹni tí oògùn olóró bá fẹ́ gbé lọ, kó lè padà mí. Fareedah ló fún Muhyideen, ẹ̀gbọ́n Mùnírù, ní báàgì náà. Fareedah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń lo oògùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Ẹ̀yìn ló dun Muhyideen níbi iṣẹ́ ní Woodbridge. Látorí oògùn ìrora ló ti bọ́ sórí ti ìgboro.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gbé nǹkan yìí pamọ́. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bọ̀."

Muhyideen rẹ́rìn-ín. "Oúnjẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ, àbí ìṣó ni wọ́n ń bọ̀ wá wò?"

Nígbà tí Muhyideen wọlé lọ wẹ̀, Mùnírù sọ báàgì náà sí pàǹtí. Àlejò jẹ, wọ́n yó, wọ́n yin ilé. Mùnírù ní òun á gba òmíràn lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, ó mú shift méjì níbi iṣẹ́, kò ráyè lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án gangan, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀ balùwẹ̀. Ó sáré nawọ́ síbi ìṣó. Ìṣó lásán ló bá. Kí ambulance tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀," ni Auntie Hàlímátù, àbúrò ìyá wọn, ń sọ fáyé.

"Ọkàn ni," Mùnírù náà ń gbè é.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń bá Fareedah di báàgì tí wọ́n ń pín.

"Ẹni tó ń lo oògùn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀," Fareedah á wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo fún un ní báàgì, ó lọ gbé e sọnù!"

Òkú ò lè fèsì. Alààyè tó lè fèsì ń di báàgì.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, wọ́n fẹ́ ṣe àdúà fún òkú. Fareedah dé pẹ̀lú báàgì pupa tuntun. Auntie Hàlímátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, gbé nǹkan yìí pamọ́. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń bọ̀."

Mùnírù jáde sí wọn.

"Auntie, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ohun tí èmi náà sọ lọ́jọ́ ìṣínu yẹn nìyẹn. Bọ̀dá mi ò gbé e sọnù. Èmi ni mo jù ú nù, torí àlejò. Kì í ṣe ọkàn ló pa wọ́n."

Auntie jókòó pẹ̀ẹ́. Fareedah yíjú sí Mùnírù.

"Gbogbo Sátidé yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀, Sístà."

Fareedah ò ṣépè. Kò sì sọ pé kò burú. Ó na báàgì sí i.

"Fọwọ́ ara ẹ gbé e kọ́ ìṣó."

Mùnírù gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tàsé ìṣó kó tó kọ́ ọ. Ààfáà ti ń kí sálámù lẹ́nu ọ̀nà. Auntie wo báàgì náà, ó wo ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà, ó dìde lọ ṣí i. Kò ní kí wọ́n yọ ọ́.