Yanrìn Òkun Nínú Amọ̀ Ìyá Mi

Ọ̀lẹ paraku ni mí lọ́mọdé, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá mi yàn fún mi nídìí ìkòkò mímọ: kí n gún àpáàdì kúnná, kí n pò ó mọ́ amọ̀, kí ìkòkò má baà sán nínú iná. Kétu, ìlú rẹ̀, ló ti ń kó àpáàdì ọ̀hún wá, nítorí oko kékeré tí bàbá mi ń dá lẹ́yìn Kútọnu kò ní ju ẹ̀gẹ́, ilá àti amọ̀ àbàtà lọ.

Ayé Révolúsọ̀n àwọn ológun ni. Nílé ìwé, "kàmáráàdì" là ń pe ara wa, rédíò sì ń pariwo "ehuzu" láràárọ̀, pé nǹkan ti yí padà. Lọ́jọ́ kan tí mo ti oko ilé ìwé dé, tí ọwọ́ mi ti bó, mo wo odó, mo ní èmi náà yóò yí nǹkan padà. Mo bu yanrìn òkun tí bàbá mi kó jọ fún ilé kíkọ́, mo pò ó mọ́ amọ̀, mo sì da gbogbo àpáàdì sínú àbàtà. Àṣegbé ò sí, àṣepamọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún mi nígbà yẹn?

Àmù mẹ́ta ni ìyá mi fi amọ̀ náà mọ, fún ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan ní ọjà Dantokpa tó ń lọ sílé ọkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká bí wọ́n ti ń ṣe ní Kétu. Àwọn àmù náà jáde nínú iná, wọ́n pọ́n dáadáa, inú mi sì dùn.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí oníbàárà gbé ọ̀kan padà wá. Ara rẹ̀ ń ṣí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, nǹkan funfun bí ẹfun sì wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun inú yanrìn ni, ó ti jóná, omi wá mú un wú.

"Ìyá Oníkòkò, ṣé ẹ̀yin lẹ mọ èyí? Ìgbéyàwó ọmọ mi ku ọjọ́ mẹ́wàá o!"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ óò rí mẹ́ta mìíràn gbà kó tó pé."

Nígbà tó lọ, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ń retí ìgbátí.

"Ehuzu tìẹ nìyẹn?" ni ìyá mi wí.

Kò sí àyè láti lọ kó àpáàdì mìíràn wá ní Kétu. Ó wọ yàrá, ó gbé àmù tí ìyá rẹ̀ mọ fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ jáde, èyí tí gbogbo wa ń mu omi nínú rẹ̀. Ó da omi rẹ̀ sídìí ilá. Ó gbé e sórí ẹní, ó sì fi ọmọ odó fọ́ ọ.

Mo bú sẹ́kún. Ó wù mí kó nà mí dípò bẹ́ẹ̀.

"Àmù tí ìyá ìyá mi mọ ni ìyá mi náà gún sínú èyí," ó wí, ó na ọmọ odó sí mi. "Gún un kúnná."

Mo gún un, ìyá mi sì pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Ìyàwó gbé àmù mẹ́ta wọlé ọkọ, orúkọ ìyá mi kò sì bàjẹ́ ní Dantokpa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Èyí tó ṣẹ́kù nínú amọ̀ náà, ó ní kí n fi mọ ìkòkò ti ara mi. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sán. Omi inú rẹ̀ ni mo mu láàárọ̀ yìí.