Ẹyẹ Tí Mo Pọ̀n Lọ sí Ìkọ̀lé

Mo rántí ọdún tí èmi, ọmọge tí kò tíì ní àfẹ́sọ́nà, pọ̀n odídẹrẹ́ sẹ́yìn la ìlú kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mo ń pè ní ìyá, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìlúpéjú, ló ni ẹyẹ náà. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní bàbá, ló tọ́ ọ kó tó kú, ohùn ọkọ yìí gan-an ni ẹyẹ sì fi ń sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ké bí bàbá ti máa ń ké bó bá toko dé: "Ṣé ẹnì kankan wà nínú ulé yìí?" Ìyá á dáhùn láti ìdí ààrò pé òun wà. Kì í fi ṣeré.

Nígbà tí ìyá fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Kánádà, mo kúnlẹ̀, mo ṣàdúrà fún un pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ó wo àgò ẹyẹ, ó wò mí. Ó ní, "Kó má ṣáà kú dè mí sílé."

Ọyẹ́ dé. Kí òtútù má baà mú ẹyẹ, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn! Lọ́jọ́ kẹta ó ń sín, kò jẹ ata, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ nílé wa ni mo ṣe: mo fi àdín pa á lára láti orí dé ìrù pupa rẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ pátápátá, ó rí bí adìẹ tí òjò pa, ó ń gbọ̀n. Mo fi aṣọ òtútù wé e, mo pọ̀n ọ́n, mo gun ọ̀kadà, mò ń sunkún bẹ̀ ẹ́ lọ́nà pé, "Jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́." Ọlọ́kadà ń sá fún kòtò nítorí ọmọ. Gbogbo ìyá tó rí mi ló ń kí mi kú ọwọ́ lómi, èmi náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun mà.

Dókítà ẹranko ní Ìkọ̀lé tú aṣọ, ó wò mí títí. Ó ní èéfín ló fẹ́ pa ẹyẹ, àdín mi ló sì fẹ́ bá a parí iṣẹ́, torí ìyẹ́ tó bá ti lẹ̀ kò lè mú ara móoru. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ wẹ̀ ẹ́, kí n gbé e síbi tó móoru tí èéfín kò dé. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti pa bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Sátidé, ìyá ìjọ mẹ́ta gbé ọṣẹ àti pọ́dà ọmọ wá. Wọ́n ní àwọn kò bá ìjà wá, kí n ṣáà fi ọmọ hàn wọ́n. Mo ní ẹyẹ ni. Wọ́n ní ta ló ń pọ̀n ẹyẹ? Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rọra bi mí pé, "Bàbá ọmọ ńkọ́?" Láti inú yàrá, ohùn ọkùnrin tí àwọn fúnra wọn kọrin sin dáhùn: "Ṣé ẹnì kankan wà nínú ulé yìí?"

Wọ́n mọ̀ pé ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn rántí irú ẹ̀. Bàtà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn wọn. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú àgò, ayọ̀ ń pa mí, mò ń dáhùn pé mo wà, mo wà.

Ìyá ti Kánádà dé, ó bá ẹyẹ rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n òun náà ti di olóògbé báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹyẹ wà. Nírọ̀lẹ́ á fi ohùn bàbá béèrè ẹni tó wà nílé, á tún fi ohùn ìyá dáhùn pé òun wà. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹyẹ na ọrùn sí mi, ó fi ohùn èmi gan-an, ohùn ọmọge ìjọ́sí, sọ pé, "Jọ̀ọ́, má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo dìde jókòó. Mo ní mo ti gbọ́.