Ọ̀rẹ́ Mi Sẹ́ Mi Nídìí Kànga

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo fẹ́ Láwàlì mi, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, àmọ́ Ráfíà pa mí lẹ́kún láàárọ̀ yìí.

Bẹ́ǹṣì kan náà lèmi àti Ráfíà jọ jókòó sí ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìlọ́fà. Nígbà tó wọ yunifásítì ìlú wa níbí, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kún gbogbo ilé, èmi ni mo bẹ ìyá Láwàlì kí wọ́n fún un ní yàrá. Bó ṣe ṣáájú mi dé ilé ọkọ mi nìyẹn o.

Mo ń pọn omi lọ́wọ́ nídìí kànga, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì dé. Mo pariwo, "Ráfíà mi!"

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "O mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o. Ìyàwó tuntun ilé wa ni." Ó ti báákẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó, pọn tèmi. Mo ti wà nílé yìí kí o tó dé, ọkọ ni mo jẹ́ sí ẹ."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọkọ ilé lórúkọ, òun ló ń fún wọn lórúkọ tó bá wù ú. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Omi yín rèé, Ẹ̀gbọ́n Kò-mọ̀-mí-rí."

Ìyá ọkọ mi pariwo láti ìdí ààrò: "Kò mọ ta ni? Ṣebí ìwọ lo bá a bẹ̀ mí gba yàrá!"

Ojú ti Ráfíà, ó fi báákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ títí tó máa fi jáde yunifásítì, àbí kí n dá orúkọ Ráfíà padà fún un?