Aláboyún Inú Ọkọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ bú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ lè ní búrẹ́dì rẹ̀ kéré, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹnu yín ló tóbi. Ẹ lè ní ó ti sanra jù, yóò ní ṣebí oúnjẹ òun lòun jẹ sanra. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fẹnu kàn án. Aládùúgbò kan pè é ní agolo tó ń rìn, búrẹ́dì ò dé ojúlé ọkùnrin náà mọ́ títí ó fi wá bẹ̀bẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń po fúláwà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé, tó ń fi orí ru páànù búrẹ́dì láti ojúlé dé ojúlé, ọmọ lẹ́yìn, ẹrù lórí. Ó rù ú títí ó fi ra ọmọlanke. Ó ti ọmọlanke títí ó fi ra ọkọ̀. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun nígbà tó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹni tó ń kọ́ ọ a sì kọ́kọ́ pè é ní màmá kó tó jágbe mọ́ ọn. Ó wọ gọ́tà, ó jáde. Ó wó fẹ́ǹsì aládùúgbò, ó tún un mọ, ó sì gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ fi tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹ̀yìn wọ ọgbà bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á dúró wò ó, òun náà á sì mọ̀ọ́mọ̀ rọra ṣe é kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Àlòkù ni ọkọ̀ náà, àlòkù tó ti rí ayé kó tó rí i. Ó yọ àga ẹ̀yìn kúrò kí páànù búrẹ́dì lè ráyè, ó wá ku àga kan ṣoṣo níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àbíkẹ́yìn máa ń jókòó.

Àbíkẹ́yìn yìí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ aláboyún. Ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, iná wẹ́wẹ́ a máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán èèyàn tó jókòó, tí nǹkan rogodo sì wà níwájú rẹ̀. Iná àpò afẹ́fẹ́ ni, ìyẹn àpò tó fara pa mọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù àti inú sítìárìn, tó máa ń wú jáde wùù láti gba orí àti àyà èèyàn dúró bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí nǹkan bá dára, iná náà a tàn díẹ̀, a sì kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá tàn tí kò kú, a jẹ́ pé àpò náà ń ṣàìsàn. Àbíkẹ́yìn wo àwòrán náà títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, aláboyún rèé." Bó ṣe di orúkọ iná náà lẹ́nu gbogbo wọn nìyẹn, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ nídìí ààrò.

Àfi bí Àbíkẹ́yìn ṣe lóyún lóòótọ́. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ló bá kó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn ni aláboyún inú ọkọ̀ náà tàn, tó kọ̀ tí kò kú mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò kà á sí. Ọkọ̀ ń lọ, búréèkì ń mú, búrẹ́dì ń dé ibi tó ń lọ. Kí ló kù?

Ìyá ọkọ Àbíkẹ́yìn ló kù. Góòlù ni obìnrin náà ń tà, Ìyá Onígóòlù ni gbogbo ayé ń pè é, ó ní ọkọ̀ dúdú tuntun kan àti dẹ́rẹ́bà tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Òun àti Ìyá Oníbúrẹ́dì fẹ́ràn ara wọn bí àna méjì ṣe máa ń fẹ́ràn ara wọn: ẹ̀rín lẹ́nu, ìdíje nínú ikùn. Ní ọjọ́ kan tó wọ ọkọ̀ búrẹ́dì dé ìkóríta, ó rí iná náà, ó bèèrè ohun tó jẹ́, ó sì gbọ́. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́ pé bí ọjọ́ bá pé, dẹ́rẹ́bà òun ló máa wá gbé ìyàwó àwọn lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ọkọ̀ àna òun ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

"Àna mi, ẹ ṣeun," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tí mo fi orí ru búrẹ́dì tọ́, èmi náà ni n óò fi ọkọ̀ mi gbé e lọ bímọ."

Ó sọ ọ́ lójú àwọn òṣìṣẹ́, ó sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà. Ọ̀rọ̀ ti di ẹyin, ó ti bọ́. Láti ọjọ́ náà, iná pupa yẹn di ìyà fún un. Bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ohùn àna rẹ̀ ló ń gbọ́.

Ló bá wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn ilé epo. Ó fìbínú sọ̀ kalẹ̀, ó nawọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní òun ò fẹ́ rí aláboyún yìí mọ́. "Bá mi pa á," ló wí, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ta ni kì í paná? Àárọ̀ a paná, alẹ́ a paná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìyá ń po fúláwà, ọmọ jókòó tì í, ó ń ká aṣọ ìkókó sórí itan. Fóònù dún. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kún fún fúláwà, Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè ké síta. Ohùn rewáyà sì gba gbogbo yàrá.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti pa aláboyún yẹn. Kò lè jí mọ́ láéláé."

Àwọn òṣìṣẹ́ dúró pẹ̀lú páànù lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń ta ìka yí orí, ó ń ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó ń ní ibi kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó fẹ́ ṣépè fún ọkùnrin náà, ló bá rántí ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ẹnu tirẹ̀ ni.

Àbíkẹ́yìn yíjú sí i. Ó bèèrè pé báwo ni rewáyà ṣe pa á.

Ìyá ò mọ̀. Kò bèèrè. Ó nu ọwọ́, ó gba ìdí ilé epo lọ bí ẹni tí wọ́n lé. Rewáyà fi inú dídùn la àtẹ́lẹwọ́, ó fi gílóòbù kékeré kan hàn án, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti yọ ọ́, ó ti dé e padà. Ìyá bèèrè pé ohun tó ń ṣe àpò afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Rewáyà ní ìyá ò ní kí òun wò ó, ìyá ní kí òun pa á, òun sì pa á. Bí ọkọ̀ bá wá forí sọ nǹkan ńkọ́? Ọkùnrin náà họ irùngbọ̀n. Ó ní àpò náà lè má jáde. Ó ní ọkọ̀ tó ti dàgbà báyìí, ta ló tún ń wo ìyẹn?

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo àga kan ṣoṣo tó wà níwájú. Ó rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá, òun sì nìyí, ó fẹ́ fi gílóòbù díjú àna rẹ̀, kó sì gbé ọmọ rẹ̀ síwájú àpò tó ti sùn.

Ó ní kí rewáyà dá gílóòbù náà padà.

Rewáyà rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó tíì bẹ òun kí òun tan iná ìtìjú fún un. Ìyá ní òun ni ẹni àkọ́kọ́, kó tan án, kó sì wá ìdí àìsàn náà. Ó tan án. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ inú ọkọ̀ wò wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó rìnrìn àjò, àfi kí wọ́n dúró dè é. Bí iná pupa ṣe ń wo ìyá lójú náà ló wa ọkọ̀ padà sílé.

Ẹ̀rọ ò tíì dé tí ọmọ fi ní òun ń bọ̀. Àárọ̀ ni, búrẹ́dì àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ààrò. Ìrora mú Àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Àfi bíi pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, ọkọ̀ dúdú ti ń yà wọ ọgbà, Ìyá Onígóòlù gbé èso wá fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ti sọ lójú gbogbo ayé. Ọ̀dọ̀ ọkọ̀ búrẹ́dì ló forí lé, ó ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn.

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó. Àwọn oníbàárà tó wà lórí ìlà ń wò ó. Ọkọ̀ yìí ni ògo rẹ̀, òun ni gbogbo ọdún tó fi ru páànù. Bó bá yí kọ́kọ́rọ́, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró, ilé ìwòsàn ò sì jìnnà.

"Ọmọ mi, fi í sílẹ̀," ló wí, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Wọ ọkọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Ara ọkọ̀ mi kò dá."

Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó mú un dé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúdú. Òun náà wọlé tì í, pẹ̀lú fúláwà lára, ó jókòó sórí àga aláwọ̀ funfun náà. Ìyá Onígóòlù wò ó, ó sì wọ iwájú. Dẹ́rẹ́bà rọra wa ọkọ̀ lọ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n ti gbọ́ ohùn ìyá, wọ́n ti gbọ́ ohùn ọmọ. Obìnrin ni, ó sì pariwo ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe dá ìyá àti ọmọ dúró nílé ìwòsàn fún ìsinmi, Ìyá Oníbúrẹ́dì padà sídìí rewáyà, kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti dé. Ó tọ́ka sí abẹ́ àga iwájú. Rewáyà kọ́kọ́ tú okùn bátìrì, ó ní kí àwọn jókòó ná, nítorí pé àpò yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ tọ́ nígbà tí iná ṣì wà lára ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ àga. Ẹ wá gbọ́ ohun tó bá níbẹ̀: ìdì náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì. Ibẹ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kó o sí kó má baà fò. Gbogbo ìgbà tó bá fa ìdì náà yọ, ló ń fa wáyà tó gba abẹ́ àga kọjá lọ sídìí àpò, títí ẹnu rẹ̀ fi tú. Rewáyà nu ẹnu wáyà náà, ó so ó pọ̀, ó dì í mọ́ra gírígírí, ó sì fi ẹ̀rọ nu àìsàn àtijọ́ kúrò nínú ọpọlọ ọkọ̀.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló yí kọ́kọ́rọ́. Aláboyún tàn. Ó dúró díẹ̀. Ó kú fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó pa á. Rewáyà ní ó ti kú, ìyá sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ní, "Kò kú o. Ó bímọ ni." Ó yí i, ó tún un yí, àfìgbà tí rewáyà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú bátìrì. Ó ní kí wọ́n dá àga ẹ̀yìn padà, kí wọ́n sì so àga kékeré ti ìkókó mọ́ ọn. Ó fọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ó fọ táyà rẹ̀, ó fọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá Àbíkẹ́yìn sílẹ̀, ọkọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ò fi tirẹ̀ sí iwájú. Ó gbé e síbi tó yẹ, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wọ èyí tó bá wù wọ́n, òun ò ní bínú. Irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ìyá Onígóòlù ló gbé ọmọ jáde. Ó kọjá lára ọkọ̀ dúdú, dẹ́rẹ́bà ti ṣílẹ̀kùn, kò wò ó. Ó dé ìdí ọkọ̀ búrẹ́dì, ó di ọmọ sínú àga kékeré rẹ̀ lẹ́yìn, Àbíkẹ́yìn sì jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ wá síwájú, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó fa bẹ́líìtì mọ́ àyà.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí àna òun má ṣe torí òun fi ọkọ̀ tuntun sílẹ̀.

"Àna mi," ni Ìyá Onígóòlù dáhùn, "dẹ́rẹ́bà mi ò lè sọ fún mi láyé pé ara ọkọ̀ mi kò dá. Ẹ̀rù mi ń bà á. Ẹ̀yin sọ ọ́ fún gbogbo ayé, nítorí ìyàwó ọmọ mi. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi wà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò tètè lọ. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, òun ò ríran dáadáa, ó sì ń fi etí gèlè nu ojú.