Ẹsẹ̀ Ìyàwó àti Dúrọ́ọ̀mù Búlúù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní àdúgbò Wadata níhìn-ín ní Niamey, ìyàwó kan àti dúrọ́ọ̀mù kan wọ ilé wa ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí pé àwa tí a wà níbẹ̀ kò fi sọ́kàn.

Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ nílùú bí eṣinṣin ìsọ̀ ẹran. Bàbá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ, a máa ta aṣọ ẹgbẹ́ kan láàárọ̀, a sì ta ti èkejì lọ́sàn-án. Àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ilé ni àwa ọmọdé ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ooru mú débi pé omi ẹ̀rọ kàn ń kán tó, tó ni. Bàbá bá ra dúrọ́ọ̀mù búlúù kan lọ́jà, èyí tó ga tó mi, kí a lè máa tọ́jú omi mímu sínú rẹ̀. Màámi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Òórùn díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, a ní òórùn ike ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyàwó àbúrò Bàbá dé láti ilé, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá, gbé igbá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fọ ẹsẹ̀ ìyàwó kí ó tó wọlé. Inú dúrọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ti bu omi náà. Láti ìgbà tí a bá ti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó tán, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé di ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọjà bá tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tura. Bí ewúrẹ́ bá kú, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ẹni ẹ̀rín ni Ìyàwó. Kò gbọdọ̀ pe àwa ọmọ tó bá nílé lórúkọ, nítorí náà ó fún wa lórúkọ tirẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó máa ń fi èédú kọ nǹkan sára ògiri, ni Akọ̀wé. Èmi ni Ìbàdíàrán. Mo sì gbẹ nígbà náà bí igi ìṣáná.

"Ìbàdíàrán," ó máa ń wí, "ìbàdí ọ̀hún dà? Àbí o gbàgbé rẹ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́?"

Kò pẹ́ tí Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ń fò pì pì lábẹ́ awọ. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà, omi la fi tì í lẹ́yìn. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, a fún un lómi. Ó bì í, a tún fún un lómi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín.

Omijé kò tíì gbẹ lójú Màámi tí èmi náà fi dùbúlẹ̀. Orí ẹní ni mo wà tí Ìyá àgbà fi pe gbogbo ilé jọ.

"Àwọn ọkùnrin tó ń jáde lọ sọ́jà, ara wọn le," ó ní. "Àwa tí à ń bá Ìyàwó gbélé ni àìsàn ń pa. Ẹsẹ̀ yìí kò dára."

Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá, orí ń fọ́ èmi náà. Inú ń run mí."

"Ẹni tó bá jẹ àjẹkì, ṣé inú rẹ̀ kò ní run ún ni?"

Ọkọ rẹ̀ wolẹ̀. Nígbà náà ni Ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí mi títí dòní.

"Ẹ lé mi lọ, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má yí nǹkan mìíràn padà nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ, kí omi, kí ẹní wà bí wọ́n ṣe wà. Bí Ìbàdíàrán bá yá, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ni. Bí kò bá yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ mi padà fún mi."

Ìyá àgbà nàka sí mi lórí ẹní. "Ọmọ ta ni ká fi dán an wò?"

Wọ́n kó gbogbo ohun tó tan mọ́ Ìyàwó jáde: ẹní, ìkòkò tó fi ń dáná, àti dúrọ́ọ̀mù tí a ti bu omi tí a fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ọmọlańkẹ́ kó ẹrù náà tẹ̀lé Ìyàwó lọ sí àdúgbò Bobiel, níbi tó ti gba yàrá kan lọ́wọ́ obìnrin ẹ̀yà Zarma kan. Màámi gbé àmù omi tí à ń lò tẹ́lẹ̀ padà sídìí ògiri.

Mo sì yá. Mo jókòó, mo jẹun, mo rìn.

"Ẹ ò rí i?" ni Ìyá àgbà ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa. Ara mi tó yá ni ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ sí Bobiel, nígbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, a gbọ́ pé Ìyàwó ti wọ mọ́tò padà sílé.

Nígbà tó yá, ilé ìwé ṣí. Olùkọ́ wa ní kí a gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, agolo méjì-méjì. Ó ní kí ohun kan ṣoṣo yàtọ̀ láàárín wọn, kí ìyókù rí bákan náà. Ọmọ kan gbé ọ̀kan sínú òkùnkùn, kò sì bomi rin ín. Ẹ̀wà náà kú.

"Kí ló pa á?" olùkọ́ bi í.

"Òkùnkùn ni, mùsíọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ? Òǹgbẹ ńkọ́?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo bi Ìyá àgbà léèrè: "Ìyá, ṣé lílọ Ìyàwó ló mú mi yá ni, àbí lílọ dúrọ́ọ̀mù?"

Ó na igbá sí mi. Ó wá ní, "Lọ bu omi wá fún mi, jàre."

Kò pẹ́ sí i ni obìnrin Bobiel náà kanlẹ̀kùn wa. Èdè Hausa ló fi bá Màámi sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí àlejò òun ń lọ, ó fi dúrọ́ọ̀mù náà ta òun lọ́rẹ. Òun kọ́kọ́ fi ń fún àgùntàn lómi, wọ́n kú. Òun rò pé àrùn àgùntàn ni. Nígbà tí omi wọ́n, àwọn ọmọ òun mu nínú rẹ̀.

"Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn," ó ní. "Èyí àbíkẹ́yìn ti lọ. Obìnrin yín ti kúrò lọ́dọ̀ mi tipẹ́. Kí ni ẹ gbé sínú nǹkan yìí?"

Bàbá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ta dúrọ́ọ̀mù lọ. Ìyẹn ní, "Àwọn tó ń fọ́n oògùn kòkòrò sí oko jéró ló tà á fún mi. Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ mu omi inú rẹ̀?"

Bàbá ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n bá wa bẹ Ìyàwó. Èsì tó padà wá ni pé òkìkí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbà á wọlé. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ, wọn kò mọ ibi tó forí lé. A wá a, a wá a, a ò rí i mọ́. Ìyá àgbà kò tún dárúkọ ẹsẹ̀ títí tó fi kú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Omi inú ọ̀rá ni ẹ ń mu báyìí, ẹ sì ń ti inú fóònù bi ohun gbogbo léèrè. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ. Mo sì ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gba ohun tí Ìyàwó bẹ̀bẹ̀ fún, tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀, ikú mi ni ìbá dá a láre. Èmi yè, òun sì jẹ̀bi. Ìbàdí mi ti wá tó orúkọ tó fún mi báyìí, kò sì sí nítòsí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí ọmọ mi gbé ìyàwó wálé ní àdúgbò Banifandou, èmi ni mo gbé igbá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó da omi sí i lẹ́sẹ̀, mo kọ́kọ́ gbé igbá náà sẹ́nu, mo mu.